Mítà wo ló dáa fún ọ̀rinrin inú ìdì koríko gbígbẹ? Mo ń wá ìmọ̀ràn

Àgbẹ̀Ìsẹ́yìn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóko. Àgùntàn àti ewúrẹ́ ni mò ń sìn ní Ìsẹ́yìn. Lọ́dún yìí mo fẹ́ gé koríko Panicum tí wọ́n ń jẹ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó, ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, kí n kì í mọ́ inú àpótí pákó, kí n so ó ní ìdì-ìdì, kí n sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn. Tí mo bá dúró de ọyẹ́, á gbẹ fúnra rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ pòròpórò lásán ló máa kù, ẹran ò sì ní rí oúnjẹ gidi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ò tíì tán lásìkò yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, mítà wo lẹ ń lò? Nọ́ńbà wo lẹ fi ń mọ̀ pé ìdì ti tó kó wọlé?

Ará_Iowa
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Oko màlúù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Iowa, ní Amẹ́ríkà. Delmhorst F-2000 là ń lò, ti AgraTronix náà dáa. Ọ̀pá irin gígùn ló wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́ ẹ máa tì bọ inú ìdì. Bí iná mànàmáná ṣe ń rọ́nà gba inú koríko kọjá sí ló fi ń mọ bí omi ṣe pọ̀ tó níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí èyí o: ìdì tó le gbagidi máa ń gbé nọ́ńbà tó ga jáde ju èyí tó rọ̀ lọ, bí omi inú àwọn méjèèjì tiẹ̀ dọ́gba. Ìdì àpótí kì í sábà le tó ti ẹ̀rọ, torí náà mítà lè sọ fún yín pé ó gbẹ nígbà tí kò tíì gbẹ. Ẹ gún ìdì kọ̀ọ̀kan níbi mẹ́rin tàbí márùn-ún, kẹ́ ẹ sì gba nọ́ńbà tó ga jù lọ gbọ́, torí ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ẹ má wọ̀n ọ́n nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Fún ìdì kékeré, 15% sí 18% dáa. Tó bá ti kọjá 20%, ẹ má gbé e wọlé.

Ẹ má sì ra mítà àwọn káfíńtà tàbí ti àgbàdo. Nọ́ńbà á jáde, àmọ́ kì í ṣe ti koríko.

ÌyáẸlẹ́ran_Ògbómọ̀ṣọ́
Mítà dáa, àmọ́ ẹ ra òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù ná, òun ló máa sọ bóyá mítà ń parọ́. Ẹ já koríko láti àárín ìdì bíi mélòó kan, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ wọn 100 gíráàmù. Ẹ fi sínú agbada lórí iná èédú tó rọra ń jó, kẹ́ ẹ máa rò ó, kó má jóná. Ẹ máa wọ̀n ọ́n títí tí kò fi ní fúyẹ́ mọ́. Tó bá ṣẹ́ ku 83 gíráàmù, omi inú rẹ̀ jẹ́ 17%. Ẹni tó ní máíkírówéèfù lè lò ó, kó ṣáà gbé ife omi kan tì í níbẹ̀ kí iná má ràn.

Lóko, ẹ wo oríkèé koríko náà. Ewé lè ti gbẹ kí oríkèé ṣì tutù. Ẹ fi èékánná ha á, tí èèpo bá ṣì ń bó, kò tíì gbẹ.

Ọmọ_Àgbẹ̀
Ṣé iyọ̀ inú ìgò ò lè ṣiṣẹ́, mà? Èyí tó jẹ́ pé tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà.

ÌyáẸlẹ́ran_Ògbómọ̀ṣọ́
Àgbàdo ló dáa fún, ọmọ mi. Omi tó wà nínú oríkèé kì í tètè jáde wá bá iyọ̀.

Àgbẹ̀Ìsẹ́yìn
Ẹ ṣé gan-an ni. Lẹ́yìn tí mo bá ti tò wọ́n sínú ilé ńkọ́?

Ará_Iowa
Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ fojú sí, sà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí máa ń jẹ koríko tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì mú un gbóná. Ẹ ti ọ̀pá tẹmómítà bọ àárín òkìtì lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Tó bá dé 55 lórí Celsius, ẹ tú òkìtì náà ká kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́. Tó bá fi máa dé 80, ẹ má fà á tú mọ́, ẹ pe panápaná, torí afẹ́fẹ́ tuntun lè mú kó gbiná lójijì. Ẹ tò wọ́n sórí pákó, kí ilẹ̀ má fún wọn lómi.

ÌyáẸlẹ́ran_Ògbómọ̀ṣọ́
Èyí tó bá bu, ẹ má fún ẹran tó lóyún, oyún lè bà jẹ́. Kẹ́ ẹ sì fi aṣọ bo imú tẹ́ ẹ bá ń kó o dànù, eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.