Ọ̀gà tuntun nínú àgò: ó dúdú, kò mu omi, kò jẹun láti ọjọ́ mẹ́ta

Ọmọ_Ajílété (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀gà kan dé ilé wa ní ọjọ́ Sátidé (ọ̀gà o, ìyẹn alágẹmọ, kì í ṣe ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo àmì ohùn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín). Ọwọ́ lékuléja ni mo ti rà á, inú igbó ni wọ́n ti mú un. Láti imú dé ìdí ìrù tó sẹ̀ǹtímítà 12, ìrù náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó bẹ́ẹ̀.

Inú gíláàsì tí wọ́n fi ń sin ẹja ni mo fi sí, ẹsẹ̀ bàtà 2 ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 1 ní gíga. Yanrìn wà nísàlẹ̀, ẹ̀ka igi kan wà nínú rẹ̀, abọ́ omi kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, gílóòbù pupa 60 wáàtì sì wà lókè. Orí tábìlì pálọ̀ ni mo gbé e sí. Àwọn ọmọ máa ń gbé e ṣeré lálẹ́.

Ó dúdú bí èédú láti ìgbà tó ti dé, ó ń la ẹnu sí wa, kò sì bojú wo abọ́ omi yẹn rí. Mo ju tata mẹ́ta sí i, kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣé àìsàn ni àbí ẹ̀rù?

Ìdí_Gúáfà (Ọ̀yọ́)

Ẹ kú àárọ̀. Ẹ̀rù ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àìsàn ò ní pẹ́ dé. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, ẹ̀ka igi yẹn nìkan ni mi ò ní bá yín jà lé lórí.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú gíláàsì. Afẹ́fẹ́ kì í rìn níbẹ̀, ooru á há mọ́ ọn, ọ̀rinrin á dúró, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á sì gba àrùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gíláàsì á máa ṣe bíi jígí: ó ń rí ara rẹ̀, ó rò pé ọ̀gà mìíràn ló wá gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyẹn nìkan tó láti mú un dúdú láti àárọ̀ dalẹ́.

Káfíńtà àdúgbò lè kan àgò tó dáa fún yín. Ẹsẹ̀ bàtà 2 ní fífẹ̀, 2 ní ìbú, 4 ní gíga, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 60 × 60 × 120. Gíga ni kí ẹ má fi ṣeré, nítorí orí igi ni ilé rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ojú fèrèsé ṣe é, èékánná á há sínú ihò wẹ́wẹ́ yẹn, á sì fà á yọ níbi tó ti ń gbìyànjú láti gun òkè. Wáyà oníhò ìdajì íńṣì tí wọ́n fi rọ́bà bò ni kí ẹ wá. Kí etí wáyà tí wọ́n gé wà níta férémù, kó má wà nínú.

Ẹ̀ka gúáfà dára, ó le, kì í tètè rà. Ẹ gé àwọn tó tínrín bíi bírò, kí àwọn kan sì nípọn tó àtàǹpàkò. Ẹsẹ̀ ọ̀gà dà bí ẹ̀mú, ìka méjì lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, nítorí náà igi tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ yí ká, kò lè dì í mú dáadáa. Ẹ de wọ́n ní ìbú láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ipele mẹ́rin tàbí márùn-ún, kó lè máa ti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn láì fò.

Ewé wá ńkọ́? Hibiscus tí wọ́n ń gbìn yí ilé ká, ẹbí iṣápá, ni kí ẹ lò, òdidi rẹ̀ nínú ìkòkò, kì í ṣe ẹ̀ka tí ẹ já. Kò lóró. Ẹ fi omi lásán fọ ewé rẹ̀ lójú àti lẹ́yìn, ẹ fi òkúta ńláńlá bo erùpẹ̀. Làpálàpá àti igi oró olóje funfun kò gbọdọ̀ sún mọ́ àgò náà, oje oró lè fọ́ ọ lójú. Kí ewé pọ̀ débi pé ẹ máa wá a kí ẹ tó rí i. Bí ojú yín bá ń bá a ní kété tí ẹ wọlé, ewé yẹn ò tíì tó.

Ẹ kó yanrìn dànù. Bó bá yọ ahọ́n mú kòkòrò nílẹ̀, á gbé yanrìn mì pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn á sì dí ìfun rẹ̀. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ti tó fún ilẹ̀ àgò.

Pálọ̀ kì í ṣe ibi tó yẹ ẹ́. Igun tí ẹsẹ̀ kì í pọ̀ ni kí ẹ gbé e sí, lórí nǹkan gíga, kí ẹ̀ka tó ga jù lọ ga ju orí yín lọ. Ohunkóhun tó bá ń wò ó látòkè, àṣá ló kà á sí. Ẹ fi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, kí iwájú nìkan ṣí sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé e fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, àwọn ọmọ á máa wò ó láti ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ omi ló kàn. Omi tó dúró sínú abọ́ kò jọ omi lójú ọ̀gà, ìrì tó ń kán lórí ewé ló mọ̀. Ẹ ra okùn dríìpù ní kẹ́mísì, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára. Ẹ ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ nù. Ẹ ki ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ bọ ìdérí ìgò ike lítà kan àbọ̀, ẹ so ìgò náà kọ́ sókè àgò ní ìdoríkodò, ẹ wá lu ihò kékeré sí ìdí rẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á dúró lójijì. Kẹ̀kẹ́ kékeré ara okùn yẹn ni ẹ ó fi dín in kù títí á fi máa kán ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Orí ewé hibiscus ni kó máa bọ́ sí, kó máa ti orí ewé kan yọ́ sí òmíràn, kí abọ́ kan gbà á nísàlẹ̀. Wákàtí kan láàárọ̀, wákàtí kan nírọ̀lẹ́. Ẹ tún fi ìgò ìfọ́nmi tí àwọn onídìrí ń lò fọ́n omi sí gbogbo ewé láàárọ̀ kùtù àti kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn náà ẹ kúrò níbẹ̀. Bó bá rí yín, kò ní mu. Bí ẹ bá yọjú wò ó láti ọ̀nà jíjìn, ẹ ó rí i tí ojú rẹ̀ kan á tẹ̀lé ẹ̀kán omi náà, èkejì á ṣì máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Á fi imú kan ewé, á dúró, ọ̀fun rẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò. Ó lè tó ogún ìṣẹ́jú kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má dá omi dúró kó tó dìgbà yẹn.

Oòrùn_Àárọ̀ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Mo fara mọ́ ọn, àfi pé kò fọwọ́ kan gílóòbù. Ẹ tú u lónìí. Lóṣù kejì sí oṣù kẹta, abẹ́ òjìji lásán nílùú yìí máa ń kọjá 33 °C lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ibi tí irú ọ̀gà wa ti ń yá oòrùn kò nílò ju 29 sí 31 °C lọ. Ẹ wá gbé iná lé e lórí nínú gíláàsì!

Ẹ wo ẹnu tó ń là yẹn dáadáa. Bó bá dúdú, tó fẹ ara rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ewé, tó ń mí fììì, ìbínú ni. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣí, tó kàn la ẹnu sílẹ̀ tí kò pa á dé, ooru ló ń pa á. Ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, ẹ fọ́n omi sí ewé àyíká rẹ̀. Ẹ má rì í sínú omi tútù.

Oòrùn fúnra rẹ̀ ni kò ṣeé yọ sílẹ̀. UVB inú rẹ̀, ìtànṣán tí ojú kì í rí, ló ń jẹ́ kí ara ọ̀gà ṣe fítámì D3, láìsí èyí, kálísíọ́mù tó bá jẹ kò ní wọ eegun. Ẹsẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun, àgbọ̀n á rọ̀, ahọ́n kò ní lè jáde mọ́. Gíláàsì fèrèsé kì í jẹ́ kí UVB kọjá, nítorí náà oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé, ooru lásán ni. Ẹ gbé àgò síta láàárọ̀ láti aago 8 sí 10, ẹ fi ẹní bo ìdajì rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á yan ibi tó bá wù ú. Ẹ jókòó tì í. Ológbò ń bẹ, àṣá ń bẹ, adìẹ pàápàá kò ṣeé fọkàn tán.

Ìdí_Gúáfà (Ọ̀yọ́)

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oòrùn nìkan kò lè gbé ọdún já. Lóṣù keje àti oṣù kẹjọ, ọjọ́ mẹ́rin lè lọ kí ojú ọjọ́ má là. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kó ra iná UVB gígùn oní T5 (ọ̀pá iná tínrín), tí agbára UVB rẹ̀ jẹ́ 5 tàbí 6%, kó gbé e ga tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 sókè ẹ̀ka tó máa ń jókòó lé, wákàtí 12 lóòjọ́. Lẹ́yìn ọdún kan ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kódà bó bá ṣì ń tàn, torí UVB rẹ̀ ti máa lọ.

Lásìkò ọyẹ́, gílóòbù funfun 40 wáàtì fún wákàtí méjì láàárọ̀ kò burú, níta wáyà, kì í ṣe nínú. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, òkùnkùn biribiri ni kó wà, kò sí iná pupa kankan. Ọyẹ́ yìí kan náà ló máa ń gbẹ afẹ́fẹ́, nítorí náà ẹ fi ìfọ́nmi kan kún un lọ́sàn-án.

Oòrùn_Àárọ̀ (Ògbómọ̀ṣọ́)

NEPA ló máa pinnu ìyẹn fún un. Oòrùn kì í béèrè owó iná.

Ọmọ_Ajílété (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti tú gílóòbù, káfíńtà ní ọ̀túnla ni àgò máa jáde. Oúnjẹ wá ńkọ́? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá omi ti tó o lára? Ohun kan tún wà: ikùn rẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, láti àná ló sì ti ń rìn káàkiri ilẹ̀, ó ń họ yanrìn.

Onírẹ̀ (Ọ̀yọ́)

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó le jù bẹ̀rẹ̀. Ó jọ pé abo ni, ẹyin ló sì fẹ́ yé. Ọ̀pọ̀ abo tí wọ́n ń mú wá láti inú igbó ló ti lóyún. Ẹ má dúró de káfíńtà. Ẹ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì 20 lítà, ẹ rọ yanrìn tí ẹ ti fọ̀ sí i títí á fi jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ bu omi rin ín. Ẹ fún un ní ọwọ́: kó dì bí ẹ̀bà, kí omi má ro. Yanrìn gbígbẹ á máa ya lulẹ̀ lé e lórí, á sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ gbé e sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ka kan tó máa fi gòkè, ẹ fi wáyà bo ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fi aṣọ yí i ká, kí ẹnikẹ́ni má yọjú sí i. Ó lè gbẹ́ ilẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Tó bá rí èèyàn níbi tó ti ń gbẹ́, ó lè dá ẹyin dúró sínú, ẹyin tó há sínú sì máa ń pa á. Tó bá ti yé e tán, ẹ ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti wọ inú. Omi púpọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un, oúnjẹ tẹ̀lé e. Bó bá gbẹ́lẹ̀ tì fún ọjọ́ méjì, tó rẹ̀ ẹ́, tó pa ojú dé lọ́sàn-án, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ má sì fi epo tàbí àgbo kankan dán an wò.

Ní ti oúnjẹ, ìrẹ̀ ló dáa jù, tata àti eṣinṣin tẹ̀lé e. Kí kòkòrò náà má fẹ̀ ju àlàfo àárín ojú rẹ̀ méjèèjì lọ. Ìrẹ̀ 4 tàbí 5 lọ́jọ́ méjì méjì tó àgbà ọ̀gà, abo tó lóyún ẹ lè fún lójoojúmọ́. Ohun tó bá ń mira nìkan ni ojú rẹ̀ ń rí bí oúnjẹ. Ẹ kó wọn sínú ike jíjìn kan tí ara rẹ̀ ń dán, kí wọ́n má lè gùn ún jáde, ẹ so ó mọ́ abẹ́ ẹ̀ka tó máa ń jókòó lé, ẹ kúrò níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ kó èyí tó bá ṣẹ́kù, nítorí ìrẹ̀ máa ń gé ọ̀gà jẹ lójú oorun.

Ẹ má mú aáyán inú ilé fún un, ẹ ò mọ oògùn tó ti jẹ. Tata aláwọ̀ yẹ́lò àti dúdú tó ń bo oko ẹ̀gẹ́ lóró lára, tànnátànná pẹ̀lú. Ọjọ́ kan kí ẹ tó fún un ní ìrẹ̀, ẹ fún ìrẹ̀ náà ní kárọ́ọ̀tì, kúkúńdùkú tàbí ìbẹ́pẹ. Ohun tó wà nínú ikùn ìrẹ̀ ló ń di ti ọ̀gà. Ẹ kó wọn sínú ọ̀rá pẹ̀lú ẹ̀rún kálísíọ́mù díẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n títí wọ́n á fi funfun díẹ̀. Bí kò bá sí, èèpo ẹyin tí ẹ sè, tí ẹ sá gbẹ, tí ẹ lọ̀ kúnná bí èlùbọ́, tí ẹ sì fi aṣọ jọ̀ ṣeé lò. Fítámì tó ní D3 kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Ti adìẹ tí wọ́n ń tà nílé oúnjẹ adìẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyẹ ni wọ́n wọn ọ̀rá kan fún, èyí tó bá lé lára ọ̀gà máa ń ba kíndìnrín jẹ́.

Omi lára: ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀. Ohun funfun tó máa ń bá a jáde ni ìtọ̀ rẹ̀. Bó bá funfun bí ẹfun, omi tó. Bó bá pọ́n bí epo pupa, tí ojú rẹ̀ sì jìn sínú, ẹ fi wákàtí kan kún dríìpù. Ìgbẹ́ tútù kan náà ni kí ẹ fi sínú ọ̀rá mímọ́ lọ fún dókítà ẹranko kó wo aràn, torí ọ̀gà inú igbó kì í sábà ṣàì ní aràn. Bí kò bá jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan ṣùgbọ́n tó ń mu omi, tó ń la ojú lọ́sàn-án, ẹ má ki nǹkan bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Oòrùn_Àárọ̀ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Kí káfíńtà tó gbé àgò dé, ẹ wá agolo mílíìkì mẹ́rin. Ẹsẹ̀ àgò kọ̀ọ̀kan á wọ inú agolo kan, omi ìdajì, ọ́ìlì ẹńjìnnì díẹ̀ lójú rẹ̀. Kòkòrò tó bá ṣẹ́kù nínú ike ló ń pe èèrà, tí ìjàlọ bá sì wọlé lóru, ilẹ̀ ò ní mọ́ bá ọ̀gà yẹn. Ẹ wo aṣọ tí ẹ fi bo ẹ̀gbẹ́ àgò náà pẹ̀lú: bí etí rẹ̀ bá kan ògiri, èèrà á gba orí rẹ̀ gòkè, agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì di òfo. Kí àlàfo ọwọ́ kan wà láàárín àgò àti ògiri.