Báwo ni mo ṣe lè jẹ́ kí ìyá inú fíìmù kúkúrú mi ba òǹwòran lẹ́rù?

Ayàwòrán_Òru béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mò ń ṣe fíìmù adẹ́rùbani kúkúrú kan tí kò ní ju ìṣẹ́jú 9 lọ, lórí ìyá kan tó rorò àti ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 8. Fíìmù náà kò tẹ̀lé ìlànà tí a mọ̀: kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu nínú rẹ̀, ìtàn rẹ̀ kò lọ tààrà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀. Mo ti ya èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, mo sì fi han àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin. Gbogbo wọn ló ní àánú ọmọ náà ṣe àwọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò ba ẹnì kankan nínú wọn. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, nítorí mo fẹ́ kí òǹwòran mọ bó ṣe máa ń rí lára ọmọ tó ń bá ẹni tó ń bẹ̀rù gbé inú ilé kan náà.

Bó ṣe wà báyìí, ìyá náà ń jágbe, ó ń fọ́ nǹkan, ó sì na ọmọ náà lẹ́gba lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi àwọ̀ pupa kun àwọn ìran yẹn, mo sì jẹ́ kí kámẹ́rà máa mì. Ṣé ó yẹ kí n fi ojú ìyá hàn rárá? Báwo sì ni mo ṣe lè rí ìbẹ̀rù tòótọ́ lójú ọmọ tó ń ṣeré náà? Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí òṣèré tó ń ṣe ìyá jágbe mọ́ ọn lójijì láìsọ fún un tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á.

Agéwòrán fèsì pé:

Ẹ má ṣe é rárá. Bí àgbàlagbà tí ọmọ ọdún 8 fọkàn tán bá dédé jágbe mọ́ ọn, kò sí eré mọ́ níbẹ̀. Ẹ ti dẹ́rù bà á lóòótọ́ nìyẹn. Fíìmù Peeping Tom, tí Michael Powell darí ní 1960, dá lórí ọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ máa ń dẹ́rù bà ní kékeré kí ó lè rí ìbẹ̀rù rẹ̀ yà sínú kámẹ́rà. Powell fúnra rẹ̀ ló ṣe bàbá yẹn, ọmọ rẹ̀ gan-an ló sì ṣe ọmọ náà. Mi ò lè wo àwọn ìran wọ̀nyẹn kí n má ronú nípa ọmọ tó dúró níwájú kámẹ́rà.

Iṣẹ́ gígé àti síso àwòrán pọ̀ ni yóò gbà yín. Lev Kuleshov, olùdarí ará Rọ́ṣíà, mú àwòrán ojú òṣèré kan tí kò fi nǹkan kan hàn, ó sò ó mọ́ àwo ọbẹ̀, ó tún sò ó mọ́ òkú inú pósí, àwọn òǹwòran sì rí ebi lójú yẹn, wọ́n tún rí ìbànújẹ́. Nítorí náà, ẹ ya ọmọ lọ́jọ́ kan, kí ẹ ya ìyá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ gbé aago kékeré kan pamọ́ sínú yàrá, kí ẹ sì ní kí ọmọ náà fi etí wá ibi tó wà láìdìde. Ojú ọmọ tó ń tẹ́tí sílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ojú ọmọ tó ń bẹ̀rù. Ìró ẹsẹ̀ tí ẹ bá fi sí i lẹ́yìn náà ni yóò sọ èwo ló jẹ́.

Etí_Ilé fèsì pé:

Igbe yẹn ló ń ba iṣẹ́ yín jẹ́. Nígbà tí ìyá bá ti jágbe, òǹwòran ti mọ̀ pé ohun tí òun ń retí ti dé, ara sì ti tù ú díẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ẹ fi ekòló yẹn hàn wá. Ìró kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà tó, bí ẹ bá ti jẹ́ ká rí i nígbà àkọ́kọ́ pé ọmọ náà fi eré sílẹ̀ kíá nígbà tó gbọ́ ọ. Ẹ yọ àwọ̀ pupa, kí kámẹ́rà dúró sójú kan, kí ó má sì ga ju ojú ọmọ náà lọ.

Aláròjinlẹ̀ fèsì pé:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ìró yẹn, ṣùgbọ́n bí a kò bá rí ojú ìyá rárá, yóò di iwin, ọkàn òǹwòran yóò sì balẹ̀ nítorí kò sí iwin nílé tirẹ̀. Ẹ fi ojú rẹ̀ hàn nígbà tó bá ń ṣe jẹ́jẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ìbẹ̀rù irú ilé yìí ni pé ọmọ kò mọ ọwọ́ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyá máa ya irun ọmọ náà, kí ojú rẹ̀ tutù, kí ìka rẹ̀ máa tú irun náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí òòyà wá kọ́ irun tó ta kókó, kí ọwọ́ ìyá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Láti ẹ̀yìn, èjìká ọmọ nìkan ni a óò rí tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Lẹ́yìn náà, kí òòyà tún máa lọ.

Ayàwòrán_Òru:

Ẹ ṣeun gidigidi. Mo ti yọ ẹgba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ya ìran irun náà lánàá. Ìyá ọmọ náà gan-an jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, mo sì ní kí ọmọ náà gbé èjìká sókè díẹ̀díẹ̀ bí mo bá ṣe ń kà láti 1 dé 10. Ẹ̀rín ló ń rín nígbà tí a parí. Mo pa ohùn mi rẹ́, mo fi ìró kọ́kọ́rọ́ ṣáájú rẹ̀, mo sì fi han ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin yẹn lálẹ́. Nígbà tí òòyà dúró, ó gbé ọwọ́ lé orí ara rẹ̀, kò sì gbé e kúrò títí fíìmù fi parí.