Ìtọ̀ tó ń rùn: kí lojú yín ti rí?

Ìyá Aláṣọ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ń tini lójú díẹ̀ àmọ́ mo fẹ́ sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Aṣọ ni mò ń tà ní Balógun, ẹni tó bá mọ Balógun á mọ̀ pé téèyàn bá fẹ́ tọ̀ níbẹ̀ wàhálà ni, wàá sanwó, wàá tò sẹ́yìn àwọn èèyàn, ibi tí wàá sì bá níwájú fúnra ẹ̀ á lé ẹ padà, kò sì sẹ́ni tí wàá fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún. Ọgbọ́n tí mo wá dá ni pé mi ò kí ń mu omi. Láti aago méje àárọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ mo lè má mu ju píọ̀ wọ́tà kan lọ, nínú oòrùn yẹn o. Tí mo bá wá délé tí mo tọ̀, á pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, òórùn ẹ̀ á ta mí nímú bí ìdí ògiri gáréèjì.

Ẹnì kan ní kí n mu omi dáadáa. Mo mu ún lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan títí ikùn mi ń dún, kó tó di ọjọ́ kejì ó ti mọ́, òórùn ti lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà. Nígbà tó tún dé ní bí oṣù mẹ́ta sígbà yẹn, mo tún ní omi ni, mo tún ń mu omi, àmọ́ tọ̀tẹ̀ yìí òórùn ò lọ. Ìtọ̀ náà ò mọ́, ṣẹ́ ẹ mọ omi ògì, bó ṣe rí nìyẹn nínú ike. Màá tọ̀ tán, kí n tó wọ pátá ìtọ̀ tún ti ń gbọ̀n mí, tí mo bá wá jókòó ẹ̀kán méjì péré ló máa jáde, á sì máa ta mí bíi pé wọ́n da ata sí i. Ọmọ kẹ́mísì ìsàlẹ̀ ilé wa ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi ní tọ́lẹ́ẹ̀tì ínfẹ́kṣọ̀n ni, ó ka kápúsù oríṣi méjì sínú ọ̀rá fún mi. Mo lò ó fún ọjọ́ méjì, ó rọlẹ̀, mo bá tọ́jú ìyókù sínú dúrọ́ọ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni òtútù mú mi lọ́sàn-án gangan nínú ṣọ́ọ̀bù, mo fi aṣọ ọjà bora, eyín mi ń gbá ara wọn, ẹ̀yìn mi lápá ọ̀tún, lábẹ́ egungun ìhà, ń ro mí bíi pé wọ́n fi ọmọ odó gún un. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé ọsibítù, dókítà kàn fọwọ́ gbá ibẹ̀ jẹ́jẹ́ báyìí ni, mo lọgun. Ó ní kòkòrò inú àpò ìtọ̀ ti gòkè dé kíndìnrín. Wọ́n ní kí n tọ̀ sínú ike kékeré, kí n jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ lọ, kí n wá gbe ti àárín, ọjọ́ kẹta ni láàbù tó mọ òògùn tó lè pa kòkòrò náà, abẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún mi ná. Mo ti ní kí ọmọ mi mú ìyókù kápúsù wá, wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ọ̀kan nínú ẹ̀ wà lára àwọn tí láàbù ní kò ràn án rárá.

Ẹ sọ tiyín o.

Bọ̀dá Fítámì

Tèmi ẹ̀rín ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo fítámì B kọ́mpílẹ́ẹ̀sì, nígbà tó di ọjọ́ kejì ìtọ̀ mi yẹ́lò bíi dánfó, ó ń rùn bí òògùn. Mo ti fẹ́ máa dágbére fún ìyàwó mi, òun ló ní kí n kọ́kọ́ dá fítámì yẹn dúró ná. Ọjọ́ méjì, ó ti lọ. Aáyù náà máa ń ṣe mí bẹ́ẹ̀, kọfí náà.

Ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn

Tèmi kì í ṣe ẹ̀rín. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, bí oṣù kan ló fi ń mu omi bí ẹni ń da omi sínú ajádìí agbè, ó ń jí tọ̀ lóru ẹ̀ẹ̀mẹrin ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ó sì ń rù. Èèrà máa ń tò lọ síbi tó bá tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé, màmá wa rí i, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni, àwa ní àtọ̀gbẹ kẹ̀, ọmọdé yìí? (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé èèrà ò wá torí náà ẹ ò ní in, ẹ gbọ́ o: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ máa ń ga tó bíi 180 (mg/dL ni wọ́n fi ń kà á) kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú ìtọ̀, bẹ́ẹ̀ tó bá ti tó 126 láàárọ̀ láìtíì jẹun, tí wọ́n tún un wò tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ti wọlé, èèrà ì báà má wá.) Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, inú ń run ún, ó ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré, ẹnu ẹ̀ àtìtọ̀ ẹ̀ ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Àwọn kan ní ká gbé e lọ orí òkè, wọ́n ní ayé ni. Màmá wa ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ṣúgà ẹ̀ ga débi pé ẹ̀rọ ò rí i kà, HI ló kọ. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ fà sí i lára, àti ínsúlínì. Dókítà ní ká ní a jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn mọ́ bá wa nílé ni... kò parí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ó ń gún ínsúlínì fúnra ẹ̀ báyìí, ó ti padà síléèwé.

Ìyá Ìbejì

Oyún oṣù mẹ́rin ni tèmi, mo rò pé imú aboyún ni torí gbogbo nǹkan ló ń rùn sí mi nígbà yẹn, ọṣẹ, ọkọ mi pàápàá. Kò ta mí, ibà ò mú mi. Àǹtínétà ni wọ́n ti rí i pé kòkòrò wà nínú ìtọ̀ mi. Nọ́ọ̀sì ní ó lè wà lára aboyún láìdùn ún, kó sì gun kíndìnrín, kódà kó lè mú kí ọmọ fẹ́ jáde nígbà tí oṣù ò tíì pé. Ó kìlọ̀ fún mi gidi lórí kẹ́mísì, gbogbo kápúsù kọ́ ló bá ọmọ inú mu.

Mi Ò Ní Dárúkọ

Tèmi ń rùn bí ẹja. Mo rò pé ìtọ̀ ni, mi ò mọ̀ pé ojú ara ni. Mo ń fi ọṣẹ àti álọ́ọ̀mù fọ inú, bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń pọ̀ sí i. Dókítà obìnrin kan ló ní kí n fi inú sílẹ̀, ìta nìkan ni kí n máa fomi ṣàn, ó wá kọ òògùn ọjọ́ méje fún mi. Ó tán.

Ọmọ Màmá, London

Mọ́mì mi jẹ́ ẹni ọdún 78. Lọ́jọ́ kan wọ́n ń fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí, wọ́n ní kí n lọ kó ẹ̀gẹ́ wọlé kí òjò má pa á, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ní Peckham! Ìtọ̀ wọn ti ń rùn láti bí ọ̀sẹ̀ kan, mi ò kà á sí. Mo pe 111, nọ́ńbà tá a fi ń béèrè ọ̀rọ̀ ìlera níbí, wọ́n ní ká má dúró dọ̀la. Dókítà ṣàlàyé pé lára àgbàlagbà, òórùn nìkan ò sọ pé kòkòrò wà, àìmumi ló sábà máa ń jẹ́, wọn kì í sì torí ẹ̀ nìkan fún wọn lóògùn, àmọ́ tí ìwà bá yí padà lójijì báyìí, tàbí tí ibà bá mú wọn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, kí n má jókòó tì í. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin òògùn, mọ́mì ń bi mí pé ta ló sọ pé àwọn gbin ẹ̀gẹ́.

Bọ̀dá Fítámì

Ìyá Aláṣọ, ṣẹ́ ẹ ti wá ń mu omi lọ́jà báyìí ṣá?

Ìyá Aláṣọ

Mò ń mu ún o. Èmi àti ìyá tó ń ta léèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ṣàdéhùn, tí wọ́n bá lọ tọ̀ màá wo ọjà wọn, tí mo bá lọ wọ́n á wo tèmi. Ike lítà kan àbọ̀ wà lábẹ́ tábìlì mi, ó gbọ́dọ̀ tán kí n tó tilẹ̀kùn. Owó tọ́lẹ́ẹ̀tì náà, mo ti fi lé owó aṣọ, ẹ máà bínú.