Mo fẹ́ máa ran ilé ìkàwé ìlú wa lọ́wọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Màmá Ìbejì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà lọ́dún tó kọjá. Ilé ìkàwé ìjọba kan wà tí kò jìnnà sí wa. Lóṣù tó kọjá, mo di ìwé kún báàgì Ghana-must-go méjì, mo fi ọ̀kadà gbé e lọ fún ọ̀gá ibẹ̀. Ó dúpẹ́, ó ní kí n gbé e sí kọ̀rọ̀. Mo padà lọ lọ́sẹ̀ yìí, ibẹ̀ náà ni mo bá a, wọn ò tilẹ̀ tú u wò. Kí n má purọ́, ó dùn mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, kí ni wọ́n ń fẹ́ gan-an? Owó ò sí lọ́wọ́ mi, àmọ́ mo ní Sátidé, ara mi sì ṣì le.

Káfíńtà Ìbàdàn:
Ẹ kú ìfẹ̀yìntì, Mà. Ẹ má bínú sí ọ̀gá yẹn. Ìwé tó bá wọlé, wọ́n máa kọ ọ́ sí rẹ́jísítà, wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ lù ú, wọ́n á wá nọ́ńbà tó ń fi irú ìwé tó jẹ́ hàn, wọ́n á lẹ nọ́ńbà yẹn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kó tó dé orí ṣẹ́ẹ̀fù. Bó bá jẹ́ èèyàn méjì péré ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ lẹ gbé fún wọn yẹn.

Èmi, ṣẹ́ẹ̀fù ni wọ́n ní kí n wá tún ṣe. Ọdún kẹfà rèé, mi ò tíì kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìwé tò lọ rẹrẹ, ẹ̀yìn wọn ń dán. Mo fa ọ̀kan, èèpo rẹ̀ nìkan ló tẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Erùpẹ̀ ni gbogbo inú rẹ̀. Ikán! Wọ́n ti ti ṣẹ́ẹ̀fù mọ́ ògiri pinpin, ara ògiri sì ni ikán ń gbà gòkè. A fà á síwájú bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kójú lè máa tó ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìwé tó bá ya, ẹ má fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ ẹ́ o. Á pọ́n, á gbẹ, á já bọ́, àbàwọ́n rẹ̀ á sì kù sójú ìwé. Ẹ má fi ẹ̀kọ náà lẹ̀ ẹ́. Mo ti ṣe é rí, ààyán ló jàǹfààní. Gọ́ọ̀mù funfun táwa káfíńtà ń lò ni kẹ́ ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tọ́ síbi tó já, kẹ́ ẹ fi ọ̀rá sáàárín kó má baà mú ewé kejì, kẹ́ ẹ gbé búlọ́ọ̀kù lé e di ọjọ́ kejì.

Ọmọ Bàbá Olówó:
Ilé ìkàwé tí kò níná, ta ló fẹ́ lọ kàwé níbẹ̀?

Káfíńtà Ìbàdàn:
Ẹ̀gbọ́n, fèrèsé wà.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham:
Mà, ẹ kú ìmúra. Ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, nílé ìkàwé tó dà bíi lẹ́tà L tí wọ́n dojú rẹ̀ dé yẹn, èmi máa ń wà pẹ̀lú àwọn ọmọ nígbà Summer Reading Challenge. Ìwé mẹ́fà lọmọ kọ̀ọ̀kan máa kà nígbà ìsinmi, tiwa ni ká fetí sílẹ̀ kó sọ èyí tó kà. Ọmọ kan ní òun ti ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo ní kó sọ ìtàn ẹyọ kan fún mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ pa àlọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má dá wà nínú yàrá pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ sì jẹ́ káwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ẹ ò wá gbaṣẹ́ wọn. Nílẹ̀ yìí, àwọn káńsù kan ti gé owó ilé ìkàwé, wọ́n wá kó iṣẹ́ fáwọn tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Màmá Ìbejì:
Mo ti ibẹ̀ dé báyìí. Mo ní kí n bá wọn kọ rẹ́jísítà, ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ ló gbé àga wá. Ìwé mọ́kàndínlógún la kọ. Mo fún ìwé ìtàn Yorùbá kan ní 496.333, ó ní rárá, èdè nìyẹn, pé 896.333 ni ti ìtàn àti ewì. Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ní Yorùbá!

Káfíńtà, ṣẹ́ẹ̀fù wọn kan ògiri o, gbogbo rẹ̀. Ṣé a ò ní kó ìwé inú rẹ̀ kúrò ká tó fà á?