Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ilé olójúlé mẹ́rin rí, kí lojú yín rí?

Ìyá kan láti Ìkòròdú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ilé fúláàtì mẹ́rin ni èmi àti bàálé mi rà ní Ìkòròdú, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Àwọn ayálégbé ti wà nínú rẹ̀ kí á tó rà á, ọ̀rọ̀ wọn ni mo sì fẹ́ sọ jù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá ilé rà, páànù ni wọ́n ń wò, wọ́n á kan ògiri wò, wọ́n á bèèrè iye tó ń mú wọlé lọ́dún, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ilé tí èèyàn ń gbé ti ra àdéhùn tí onílé àná bá wọn ṣe mọ́ ọn. Ẹ ò lè sọ fún ẹni tó ti san owó sílẹ̀ pé ọwọ́ yín kọ́ ló san án sí.

Torí náà, kí á tó san kọ́bọ̀, mo ní kí onílé mú wa lọ bá ayálégbé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi rìsíìtì wọn hàn wá. Onílé ti sọ pé ọdún kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọn ń san. Rìsíìtì àwọn tó wà lókè sọ nǹkan mìíràn: ọdún méjì ni wọ́n san lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò sì tíì gbé ibẹ̀ pẹ́. Owó tí à ń retí pé yóò máa wọlé fún wa ti wà lápò onílé. Lọ́yà wa ṣírò èyí tó kù níbẹ̀, a sì yọ ọ́ kúrò lára owó ilé. Onílé bínú, ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ti wà nílẹ̀, ó gbà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Òfin Ayálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò fàyè gba onílé láti bèèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. (Òfin náà kò kan Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà, kẹ́ni tó ń wo apá ibẹ̀ má baà fi ọ̀rọ̀ mi ṣiṣẹ́.)

Ti ìwé ilẹ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. A gbé sọfé, ìwé àwòrán ilẹ̀ náà, lọ sí ọ́fíìsì sọfeyọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà, a sì yẹ orúkọ onílé wò nínú ìwé ilẹ̀ ìjọba ní Aláúsá. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí irú títà bẹ́ẹ̀. Owó ni, ẹ tètè kà á mọ́ owó ilé.

Ohun tí gbogbo ilé jọ ń lò ló máa ń dá ìjà sílẹ̀: omi, iná ìta, sọ́kàwéè, géètì. Ní ilé tiwa, ara mítà fúláàtì kan nísàlẹ̀ ni wọ́n ti fa wáyà púǹpù tó ń gbé omi lọ sínú táǹkì. Ìdílé kan ló ń ra iná, ìdílé mẹ́rin ló ń lo omi. Ìyá tó ń gbé ibẹ̀ a máa pa púǹpù náà bí inú bá bí i, gbogbo ilé á sì máa gbé kẹ́ẹ̀gì kiri, n ò sì dá a lẹ́bi. Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a gba mítà ọ̀tọ̀ fún púǹpù àti iná ìta. Olúkúlùkù ń dá owó sí i lóṣooṣù, mo sì máa ń lẹ ìwé iná tí a bá rà mọ́ ògiri àtẹ̀gùn kí tọmọdé tàgbà rí i. Láti ìgbà náà, wọn ò bá ara wọn jà lórí omi mọ́.

Ẹ bèèrè gbèsè iná pẹ̀lú kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹnì kan tó ti kó jáde tipẹ́ ló jẹ èyí tí a bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí ilé ni iléeṣẹ́ iná kọ ọ́ sí. Onílé ló san án. Sọ́kàwéè ní tirẹ̀, ìgbà òjò ni kí ẹ lọ wò ó. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo sọ́kàwéè ló dára.

Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé wa pàdánù iṣẹ́, owó ilé sì há. Àbúrò ọkọ mi ní kí á lọ yọ ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ní rárá. Òfin kò gbà á, èmi náà ò sì lè fojú rí kí wọ́n kó ẹrù ọlọ́mọ síta. Ẹni tó ń san owó ọdọọdún, ìwé kó-jáde olóṣù mẹ́fà ni wọ́n ń fún un, àfi bí àdéhùn yín bá sọ òmíràn, lẹ́yìn náà ìwé ọlọ́jọ́ méje pé onílé fẹ́ gba ilé rẹ̀ padà, kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù. Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó ni a lọ, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn parí ìjà láì dé kóòtù, wọn kì í gba owó. Wọ́n bá wa pín gbèsè náà sí oṣooṣù, ó sì san án tán. Ó ṣì ń gbé ọ̀dọ̀ wa.

Ọmọ Ìbàdàn kan ní Chicago

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Alájà mẹ́ta, ojúlé mẹ́ta, ni tèmi níbí. Ètò FHA, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń ṣe onídùúró fún ẹni tó ń yá owó ra ilé, ni mo fi rà á: ẹni tí ìtàn gbèsè rẹ̀ bá dára lè fi 3.5% owó ilé sílẹ̀ lórí ilé olójúlé kan sí mẹ́rin, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbé inú rẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán. Èmi ni mo wà nísàlẹ̀. Bọ́ílà kan ló ń mú gbogbo ilé gbóná, ọrùn onílé ni owó gáàsì rẹ̀ sì wà. Láti September 15 sí June 1, òfin ìlú ní kí ooru inú ilé má dín sí 68 Fahrenheit lọ́sàn-án, àti 66 lóru. Kẹ́ni tó bá fẹ́ rà níbí gba ìwé owó gáàsì ìgbà òtútù lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Èyí tí wọ́n bá fi hàn yín nínú ooru ò wúlò.

Wọ́n fi ilé àtijọ́ kan lọ̀ mí ní Mọ́kọ́lá, yàrá mẹ́wàá, ilé ẹbí ni. Ẹ̀yin àgbà, kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Bàbá kan láti Ìbàdàn

O kú òtútù o, ọmọ mi. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo rà. Ẹni tó wá bá mi ní òun ni àkọ́bí, ọwọ́ òun ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá ilé ẹbí tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, kò tíì ta nǹkan kan lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìgba ẹnu àwọn àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, kóòtù lè fagi lé e. Mo bèèrè iye ìyàwó tí bàbá tó kọ́lé fẹ́. Wọ́n ní mẹ́ta. Mo ní kí ìdí-igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sí ọ́fíìsì lọ́yà. Ìkejì ò wá. Obìnrin kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, ó ń gbé Ìlọrin, wọ́n ní obìnrin ni, kò kàn án. Ó kàn án o! Ọmọ bàbá ni, ẹ̀tọ́ rẹ̀ nínú ilé náà kò dín sí tọkùnrin. Mo mú owó mi dání títí ó fi wá fọwọ́ sí i.

Orí mítà kan ni gbogbo yàrá wà nígbà náà. Iye gílóòbù àti áyọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń pín owó iná, ariwo ni lóṣooṣù. Mo so yàrá méjìméjì pọ̀, mo ṣe ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná sí ojúlé kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù sì ní mítà tirẹ̀. Iye ayálégbé dín kù, ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ kì í fẹ́ kó lọ.

Ní ti Mọ́kọ́lá yẹn, ní kí wọ́n fi ẹ̀dà sọfé ránṣẹ́ sí ẹ. Màá bá ẹ gbé e lọ sí Sẹkitéríátì ní Àgodi kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Má fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni kí èsì yẹn tó dé.