Cali Fund: ta ló ń sanwó, èló sì ni?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, èló ni ilé-iṣẹ́ tó ń fi àkọsílẹ̀ jíìnì ewéko àti ẹranko ṣe oògùn máa san sí Cali Fund, àpò owó àgbáyé fún ìdáàbòbò ohun abẹ̀mí?

Ìdáhùn: 1% èrè, tàbí 0.1% gbogbo owó tó wọlé. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ o. Ó gbọ́dọ̀ kọjá méjì nínú mẹ́ta yìí, ní ìpíndọ́gba ọdún mẹ́ta: dúkìá mílíọ̀nù 20 dọ́là, ọjà títà mílíọ̀nù 50, èrè mílíọ̀nù 5.

Ìdáhùn: Ibi tó ti ń jò ni pé àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí owó yìí ní 2024 sọ pé "ó yẹ", kò sọ pé "dandan". Àfi kí ìjọba kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di òfin. Ó dùn mí gan-an.

Ìdáhùn: Ó kéré tán, ó yẹ kí ìdajì owó Cali Fund lọ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ àtàwọn ará ìletò.