Ìbéèrè lórí ilẹ̀ tó "wà nínú gasẹ́ẹ̀tì": ibi tí ó já sí

Ohun tí mo béèrè ni bí lọ́yà ṣe lè mọ̀ dájú, kí oníbàárà tó sanwó, pé ilẹ̀ ẹbí kan ní ìpínlẹ̀ Èkó kò sí lára ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Ẹ ṣeun.

Nínú àwọn tó dáhùn, ẹni tó ní kí n má gbára lé ẹ̀dà gasẹ́ẹ̀tì (ìwé ìkéde ìjọba) tí ẹbí gbé sílẹ̀ ló sọ òótọ́. Awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ tún ilẹ̀ náà wọ̀n, ó mú coordinates (nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí nǹkan wà) bíkìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn òpó ààlà ilẹ̀ náà, lọ sí ọ́fíìsì Awọnlẹ̀ Àgbà ní Aláùsá fún charting, ìyẹn fífi wọ́n wé máàpù ìjọba. Gasẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ayédèrú o! Ìjọba dá ilẹ̀ padà fún abúlé náà lóòótọ́, àmọ́ bíkìn méjì bọ́ síta ààlà ohun tí wọ́n dá padà. Orúkọ abúlé nínú gasẹ́ẹ̀tì kò tó. Nọ́ńbà ni kí ẹ fi wé nọ́ńbà.

Search (yíyẹ ìwé wò) ní ibi ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀ ni. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rí, kí ni wọ́n fẹ́ bá nínú ìwé?

Apá tó mọ́ nìkan ni oníbàárà rà, lórí ìwé sọ́fè tuntun. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé ló jọ fọwọ́ sí i: bí olórí ẹbí bá dá a tà, kóòtù lè fagi lé e, bí wọ́n bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo ni.

Ìyọ̀ǹda gómìnà sí títà ilẹ̀ náà ló kù, èyí tí abala 22 Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 béèrè.